Òwú Pupa Lábẹ́ Awọ

"Má fọwọ́ kan ojú okùn yẹn o. Tí mo bá dé, màá rán an fúnra mi."

Ohun tí Fàáwò sọ fún àbúrò rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti sọ ọ́. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ sì di àpò aṣọ mú lẹ́yìn rẹ̀. Kò sọ pé ó dàbọ̀. Kò ní kí wọ́n máa tọ́jú ilé. Ojú okùn ló rántí. Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bọ̀ọ̀dá," ó sì padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé kò ní pẹ́ ẹ́ dé.

Fàáwò kò dé mọ́.

Fàáwò kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló fún un. Ibùsùn àsorọ̀ ló ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi aṣọ líle rán, tí wọ́n á fi okùn so orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sára igi tàbí òpó, kí èèyàn lè sùn láìfara kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní jangirọ́fà àgbàlagbà. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá ra ọ̀kan, kí ó tó jókòó, Fàáwò á ti ju okùn sí i lọ́wọ́.

"Fà á wò."

Bí ẹni náà bá rọra fà á, á ní, "Ṣé orí ọmọ lò ń fọwọ́ pa ni? Fà á bí ẹni tínú ń bí!" Ó lè jẹ́ dókítà, ó lè jẹ́ ọlọ́dẹ, gbogbo wọn ló máa fà á. Òun náà kì í fi okùn sílẹ̀. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, okùn á wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, á máa fà á ṣáá.

Ìyá kan náà ló bí òun àti Jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n àárín wọn jìn débi pé Fàáwò ló kọ́ àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà. Nígbà tí ìyá wọn kú, Jẹ́jẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kì í pariwo. Ó lè wọ yàrá kí èèyàn má mọ̀ títí yóò fi kí i. Fàáwò a máa sọ pé, "Èyí, bó bá jalè, kò sẹ́ni tó máa mú un," àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́ náà á rẹ́rìn-ín.

Ó kọ́ ọ níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè purọ́ mọ́ ọn lórí ìyẹn. Ó mú un lọ sọ́jà, sí ọ̀dọ̀ Bàbá Oníwáyà tó ń ta okùn àti wáyà, ó sì fi okùn hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ẹbí han ìyàwó tuntun.

"Èyí tó ń nà, fi í sílẹ̀. Wàá bá òrùlé sùn lálẹ́, wàá bá ilẹ̀ jí láàárọ̀. Èyí tí oòrùn ń jẹ, tí ara rẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, fi í sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ki okùn mìíràn sínú rẹ̀, ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wúlò fún wa. Kò ní ikùn."

"Fàáwò, ṣé wàá rà á ni àbí wàá bú u?" ni Bàbá Oníwáyà máa ń béèrè.

Èyí tí wọ́n ń wá ni okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n dì bí irun, tí àárín rẹ̀ sì ṣófo. Bí o bá fi ọwọ́ méjèèjì tì í síra, ikùn rẹ̀ á là bí ẹnu ẹja. Bí o bá fà á, á pa dé. Kì í nà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ó sì lè gbé màlúù.

Ikùn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Wọ́n á ki ìrù okùn bọ inú ikùn ara rẹ̀, kí ó di òrùka ńlá kan. Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ìrù yẹn á máa lọ, á máa bọ̀. O lè fa òrùka náà gùn, o lè fà á kúrú, bí àlàfo òpó méjèèjì bá ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti jókòó sórí ibùsùn, okùn á le, ikùn rẹ̀ á fún, á di ìrù yẹn mú bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di ìka ìyá rẹ̀ mú. Kò sí kókó kankan níbẹ̀. Ìwúwo ẹni tó sùn ló ń dè é.

Ní ìkángun kejì ni ojú okùn wà. Òrùka kékeré ni, òun ni kò gbọdọ̀ sún rárá. Wọ́n á ki ìrù bọ inú ibẹ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, kò sí ewu. Ìgbà tí ẹrù bá kúrò ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ká a sínú àpò, ọkọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà, ìrù yẹn á máa yọ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá tún gun orí rẹ̀, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi òwú rán ojú okùn pa.

Rírán yìí ni Fàáwò kò jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ ṣe.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí iṣẹ́ bá ti kù kí wọ́n rán ojú rẹ̀, Fàáwò á mú un, á wọlé, á ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Bó bá máa jáde, á ti rán an, á sì ti fi awọ bò ó, awọ múlọ́múlọ́ tó gbá ojú okùn náà mú bí ìbọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti gba awọ báyìí, ọ̀dọ̀ oníbàárà ló ń lọ tààrà. Tiwọn tó wà nílé, tí Jẹ́jẹ́ ń sùn sí, kókó lásán ni wọ́n ta sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n dúró wò ó lónìí."

"Ọwọ́ rẹ kò tíì gbó."

"Ìgbà wo ló máa gbó?"

"Ìgbà tó bá gbó, èmi náà á rí i."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Irùngbọ̀n Jẹ́jẹ́ hù. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbó.

Ìgbà kan wà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́. Fàáwò lọ jẹun ọ̀sán. Jẹ́jẹ́ tú òwú pupa kan tó le lára àpò tí wọ́n fi kó aṣọ wá, ó fi abẹ́là pa á, ó sì rán ojú okùn kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn jókòó, ó ronú sí ibi tí ìrù máa fẹ́ gbà sá. Ó rán an lọ dé ìdí, ó yí okùn padà, ó rán an bọ̀, kí òwú tó ń bọ̀ dábùú èyí tó ń lọ. Ó fi pupa rán an nítorí pé okùn funfun ni. Bí òwú bá já, ojú á tètè rí i.

Fàáwò wọlé pẹ̀lú oníbàárà kan. Ó rí i. Ó mú un lọ síbi fèrèsé, ó wò ó, ó tún wò ó, ó yí i padà. Ó fà á. Lẹ́yìn náà ni Fàáwò mú abẹfẹ́lẹ́, ó gé ojú okùn náà kúrò lójú oníbàárà.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan án? Ṣé o fẹ́ pa èèyàn ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, pupa tí mo fi..."

"Pa ẹnu dé. Mo ní ọwọ́ rẹ kò tíì gbó!"

Ó kó èyí tó gé sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Jẹ́jẹ́ débi pé kò lè jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó gbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun rí ohun tí òun kò rí. Kò fọwọ́ kan òwú mọ́.

Wọ́n sin Fàáwò. Àwọn tó wá kí wọn lọ sílé wọn. Ojú okùn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn ṣì wà lórí ìṣó níbi tí Fàáwò gbé e kọ́ sí, ìrù rẹ̀ ti wọ inú, kò sí òwú lára rẹ̀.

Ẹni tó ni ín wá. Awakọ̀ àjàgbé ni, Kòsùnlé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló ń sùn, ó ń so ibùsùn rẹ̀ kọ́ láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ fìlà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Fàáwò! Ṣé pé òun náà lè lọ báyìí?" Ó mi orí. "Mi ò fẹ́ da ẹ láàmú o, àbúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kó ẹrù sórí ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Ó ku ibùsùn mi."

"Ó kù kí wọ́n rán ojú rẹ̀ ni."

"Rán an nígbà náà."

"Bọ̀ọ̀dá ló máa ń rán an."

Kòsùnlé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé Fàáwò kò kọ́ ẹ ni?"

Irọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí Jẹ́jẹ́ lẹ́nu. "Ó kọ́ mi."

"Ó dáa. O mọ̀ pé òkúta ló wà lábẹ́ mi o. Má jẹ́ kí n fi orí gbá a, kí n wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́run, kó máa bi mí pé ta ló rán an."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Jẹ́jẹ́ dúró síbẹ̀. Bí kò bá lè rán ojú okùn yìí, ṣọ́ọ̀bù ti tì nìyẹn. Ta ló máa ra ibùsùn lọ́wọ́ ẹni tó mọ gbogbo iṣẹ́ tán àfi ibi tó ń dá ẹ̀mí sí?

Ó lọ bá Bàbá Oníwáyà lọ́jà.

"Òwú ni mo wá rà, sà. Irú èyí tí bọ̀ọ̀dá mi máa ń rà."

"Òwú kẹ̀? Fàáwò kò ra òwú lọ́wọ́ mi rí. Okùn ni. Á fà á, á fà á, títí màá fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má fa ìsọ̀ mi lulẹ̀."

"Níbo ló wá ti ń rà á?"

"Ìwọ lò ń bá a gbé, èmi lò ń bi?"

Jẹ́jẹ́ ra oríṣi méjì tó rí. Nígbà tó délé, ó dán wọn wò lára àjákù okùn. Òwú tí wọ́n fi ń rán aṣọ já kó tó fà á dé àyà. Òwú ìpẹja tó ń dán bí gíláàsì kò já ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fún ún, bẹ́ẹ̀ ló ń wọ inú okùn lọ bí ọ̀bẹ. Bó bá pẹ́ lára okùn, òun gan-an ló máa gé e. Ó ju méjèèjì sílẹ̀, ó lọ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Obìnrin náà ń ṣa aṣọ tó gbẹ. Ó dáwọ́ dúró.

"Kí lo fẹ́ wá níbẹ̀, ọkọ mi?"

"Òwú, Àǹtí. Àti abẹ́rẹ́ wọn."

Ó tú kọ́kọ́rọ́ náà ní etí ìró rẹ̀, ó fún un, kò sì wo ojú rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ kò tíì wọ yàrá náà rí. Ó ti rò pé tábìlì wà níbẹ̀, fìtílà, àti abẹ́rẹ́ lóríṣiríṣi. Kò sí tábìlì. Àga kan ló wà níbẹ̀, eruku sì bò ó. Kò sí fìtílà. Ó kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀. Òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, ó mọ̀ pé òwú kì í tán nílẹ̀. Bó ti wù kó o gbá a tó, èyí tó sá síbi tí ilẹ̀ ti sán á tún jáde lọ́la. Kò sí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo nínú yàrá náà. Eruku ni. Nínú eruku yẹn, ojú ọ̀nà kan wà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà sí ìlẹ̀kùn kejì lẹ́yìn. Irin tí wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn náà ń dán, ọwọ́ ti pa á dán.

Ó ṣí i. Ọ̀nà tóóró ló bọ́ sí. Ní òdìkejì gan-an, lábẹ́ páànù, Ìyá Aránbàtà jókòó láàárín bàtà àwọn èèyàn. Òun ni ìyá arúgbó tó ń bá gbogbo àdúgbò rán bàtà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé ojú sókè, ó rí ìlẹ̀kùn tó ṣí, ó rí ẹni tó dúró níbẹ̀.

"O pẹ́ kó o tó dé," ló wí. "Ojú mi ti wà lọ́nà ẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Jókòó. Kì í ṣe sórí bàtà yẹn, tìyàwó tíṣà ni."

Jẹ́jẹ́ kò jókòó. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá bọ̀ọ̀dá mi rán ojú okùn, mà?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹsẹ̀ wọn wà nínú eruku."

Ìyá náà fi bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé o ò mọ̀ ni? Ó ti pẹ́. Kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá, ó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó ní abẹ́rẹ́ mi lòun fẹ́ yá. Mo fún un. Ó sọ abẹ́rẹ́ nù sínú iyanrìn níbi tó o dúró sí yẹn. Mo ní, Fàáwò, gbé e wá."

"Bọ̀ọ̀dá mi tó ń fa okùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Bó bá ń fà á, kì í gbọ̀n. Kí lo rò pé ó ń fà á fún?"

Ó wọ Jẹ́jẹ́ lára. Ó rántí ife tíì tí Fàáwò máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ó rántí ọwọ́ tó máa ń wà nínú àpò bí okùn kò bá sí nítòsí. Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Kò rí i.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Èmi ì bá rán an."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, ìwọ lo ti ń gé aṣọ, ìwọ lo ti ń ki ìrù, bó o bá tún wá ń rán ojú, kí ló kù tí òun fi jẹ́ ọ̀gá? Mo ní, ọ̀gá yẹyẹ! Inú bí i sí mi. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì ṣá, okùn ò kúkú lè rán ara rẹ̀."

Jẹ́jẹ́ na àjákù okùn kan sí i. Ó ní, "Ẹ fi hàn mí, mà."

Ìyá Aránbàtà kò bi í léèrè ohun tó máa fi ṣe. Ó mú àjákù okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ bàtà, ó fa òwú pupa kan yọ lára ìdì òwú. Òwú nípọn díẹ̀, ó rọ̀, ìda ti wọ inú rẹ̀. Ó rán an lọ dé ìdí. Ó yí okùn padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an bọ̀, òwú tó ń bọ̀ ń dábùú èyí tó ń lọ.

Jẹ́jẹ́ tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló kọ́ yín báyìí, mà?"

"Òun náà ni. Tààrà ni mo ń rán an tẹ́lẹ̀, bíi ti bàtà. Lọ́jọ́ kan ló mú àpẹẹrẹ wá. Ó ní òun jókòó, òun ronú rẹ̀ dáadáa, pé báyìí ni kí n máa rán an látòní lọ, kí n má yí nǹkan kan padà. Òun ló wà lókè yẹn."

Ó fi ẹnu júwe òpó tó gbé páànù dúró. Ojú okùn kékeré kan wà lórí ìṣó níbẹ̀. Funfun rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n òwú ara rẹ̀ ṣì pupa. Ibi tí abẹfẹ́lẹ́ ti gé e ti hù bí irun ẹnu ológbò.

Jẹ́jẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn ṣe ń mọ ẹ̀wù ara rẹ̀ lára ẹlòmíràn ló ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ṣé bọ̀ọ̀dá mi ní àwọn ló rán an?"

"Ta ni ì bá tún..." Ìyá náà gbé ojú sókè. Ó wo àpẹẹrẹ, ó wo bí òwú rẹ̀ ṣe gún gẹ́gẹ́. Ó wo ọwọ́ Jẹ́jẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè rán irú èyí. Ọjọ́ gbogbo ló ti wà lókè orí rẹ̀, kò bi ara rẹ̀ rí.

"Háà," ló wí. "Fàáwò! Ìwọ náà ò ṣe é re."

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó fi ìka kan òwú pupa náà.

"Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ẹ," ni ìyá náà tún wí. "Mo bi í pé, kí ni pupa ń ṣe lábẹ́ awọ? Ta ló máa rí i? Òwú dúdú ni mo ní lọ́pọ̀, jẹ́ kí n fi dúdú rán an. Ó yarí. Ó ní pupa ni, pupa ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Òun ló ń lọ wá òwú pupa yìí fúnra rẹ̀. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá ìwọ mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Mú àpẹẹrẹ yẹn lọ, tìẹ ni."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Òwú ni mo wá."

Ó kó ìdì òwú pupa náà fún un, ó kó abẹ́rẹ́ lé e. Ó tún na awọ sí i. Jẹ́jẹ́ kò gba awọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà nígbà tó padà. Aṣọ ṣì wà ní apá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì, ọkọ mi. Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Ó ní ojú tí o fi ń wo òun máa yí padà."

"Ó ti yí padà."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ."

"Wọ́n gé iṣẹ́ ọwọ́ mi lójú oníbàárà, Àǹtí. Wọ́n ní mo fẹ́ pa èèyàn. Iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n wá ń tà fún àwọn oníbàárà láti ọjọ́ náà."

Obìnrin náà kò mọ èyí. Ó hàn lójú rẹ̀. Ó kó aṣọ náà mọ́ra, ó wọlé lọ.

Jẹ́jẹ́ gbé àga yàrá náà lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. Ó mú ojú okùn Kòsùnlé kúrò lórí ìṣó. Ó rántí pé wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó rán an. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Kò yára, kò sì fa ẹsẹ̀. Ó lọ dé ìdí, ó yí i padà, ó ń bọ̀. Bó ṣe ń rán an ló ń rántí. Àwọn tó wá yin Fàáwò nínú ṣọ́ọ̀bù! Ọ̀gá, iṣẹ́ yín kì í yẹ̀. Ọ̀gá, ọwọ́ yín ò ní rọ. Òun yóò sì wà níbẹ̀, yóò máa gbálẹ̀, inú rẹ̀ yóò máa dùn pé ọmọ ìyá òun ni wọ́n ń yìn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà láàyè, ì bá lọ bá a, ì bá pariwo mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ta ló máa pariwo mọ́ báyìí? Òkú ò kúkú ṣe é bá jà.

Ó ta òwú ní kókó, ó gé e. Kó tó mọ̀, ó ti na okùn náà sí àárín ọwọ́ méjèèjì, ó ń fà á wò. Ó rí ara rẹ̀, ó jáwọ́.

Kòsùnlé dé nígbà tí ẹrù ti wà lórí ọkọ̀ tán. Ó tú ibùsùn náà kalẹ̀, ó yẹ okùn wò.

"Awọ dà? Fàáwò máa ń wọ̀ ọ́ láṣọ."

"Kò sí awọ mọ́. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó gun orí rẹ̀. Bí pupa yìí bá já, ẹ má sùn sí i."

Kòsùnlé gbé e sún mọ́ ojú. Ó fi èékánná họ òwú náà. "Ṣé ohun tó wà lábẹ́ awọ nìyí láti ọjọ́ yìí? Ẹ wo bí wọ́n ṣe dábùú ara wọn! Háà, Fàáwò lọ́wọ́. Fàáwò lọ́wọ́, ọmọ yìí!"

"Èmi ni mo rán an, sà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ẹ?"

Ọ̀rọ̀ kún Jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Yàrá tó ṣófo wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Aránbàtà wà lódìkejì ọ̀nà tóóró, àpẹẹrẹ wà lórí ìṣó. Bó bá sọ ọ́ báyìí, ilẹ̀ kò ní ṣú kí gbogbo awakọ̀ tó gbọ́. Wọ́n á máa fi Fàáwò rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n bá páàkì sí.

"Bọ̀ọ̀dá mi ni," ló wí.

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere." Ó ká ibùsùn náà, ó gbé e lé èjìká, ó lọ. Jẹ́jẹ́ gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tó sì ń rókè lọ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ó padà sí yàrá ẹ̀yìn. Fọ́nrán òwú pupa ti pọ̀ nílẹ̀ lábẹ́ àga, díẹ̀ ti fò dé ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ Fàáwò tẹ̀ sínú eruku. Ó mú ìgbálẹ̀. Láti ìdí ògiri ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbá a bọ̀, eruku, òwú, ojú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ó kó o dànù sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó wo ẹ̀yìn, fọ́nrán kan ṣì wà níbi tí ilẹ̀ ti sán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi èékánná yọ ọ́.